Omi àgbọn kò lè fọ tramadol kúrò nínú ìtọ̀: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan lásìkò òjò tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù láti Kétu. Ó ní ọkọ òun ń bì, orí ń fọ́ ọ gan-an, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò sì bára mu mọ́. Ibà ni gbogbo wa kọ́kọ́ rò. Ìgbà tá a gbé e dé ilé ìwòsàn ni dókítà sọ fún wa pé kì í ṣe ibà. Omi ló mu jù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń wa zémìjàn. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, ó máa ń lo tramadol tí wọ́n ń tà lọ́jà, bí àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó ẹrù ń wá awakọ̀. Wọ́n wo bó ṣe ń wakọ̀, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo: kó wá tọ̀ sínú ife ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń lo oògùn olóró. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ fún un. Ọjọ́ Àìkú ló lo tramadol gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rù bà á. Ẹnì kan ní gáréèjì ta ìgò kan fún un ní 5,000 sẹ́fà, ó ní omi inú rẹ̀ ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi omi àgbọn àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún un. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́bọ̀ náà, ó tún mu ìgò omi ńlá mẹ́rin, lítà 6 lápapọ̀. Nígbà tó tọ̀ sínú ife, ìtọ̀ náà mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò kò gbà á. Wọ́n ní omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ọjọ́ kejì bá a. Nígbà tó fi máa jáde, ilé iṣẹ́ náà ti gba ẹlòmíràn.

Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ìtàn yìí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, àmọ́ kí n kọ ọ́, torí pé wọ́n ṣì ń ta ìgò náà.

Ta ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí?

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn eléré ìdárayá tàbí ti ìlú òyìnbó nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tàbí ẹni tí yóò máa lo ẹ̀rọ ńlá lè béèrè fún un, torí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kàwé tí wọ́n sì ti ń ṣòwò, Buba Marwa ló di olórí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Láti ìgbà náà ló ti ń rọ àwọn ilé ìwé gíga, àwọn agbanisíṣẹ́, títí kan àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò yìí.

Tramadol fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹni tó ń jẹ̀rora. Èyí tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ gbé wọlé, tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, tí ẹni tó ń rà á kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, kéde pé tramadol tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ti kúrò ní 300 kílò, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 3 láti ọdún 2013.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ìtọ̀?

Bí èèyàn bá gbé oògùn mì, láti inú ikùn àti ìfun ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e káàkiri ara, títí dé ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń gé e sí wẹ́wẹ́. Kíndìnrín á wá sẹ́ ìyókù rẹ̀ sínú ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń sẹ́ ògì. Ìyókù yẹn ni àyẹ̀wò ń wá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tá a bá mu, inú ikùn ló ń lọ. Oògùn tá a lò lánàá ti kúrò níkùn, ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran ara. Kò sí ohun mímu kan tó lè bá a débẹ̀ kó lọ fọ̀ ọ́ jáde. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni, bí wọ́n bá sì ṣe ń ṣe é ni wọn yóò ṣe máa ṣe é.

Ti igbó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ọ̀rá ara ló ń lọ fara pamọ́ sí. Ẹ ronú nípa epo pupa tó ta sí aṣọ funfun. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, àmì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó mu igbó lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 3. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, ó lè hàn fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tramadol sábà máa ń hàn fún ọjọ́ 1 sí 4, kokéènì fún nǹkan bí ọjọ́ 2 sí 4. Ó sinmi lórí bí ẹni náà ṣe ń lò ó tó àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Bí irun orí bá ni wọ́n yẹ̀ wò, ó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù 3 sẹ́yìn.

Ohun táwọn èèyàn ń mu, àti ohun tó ń ṣe

Omi àgbọn: Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé omi àgbọn ń pa oògùn. Ó dára lẹ́nu, ó sì ń mú kéèyàn tọ̀, àmọ́ kò mọ tramadol yàtọ̀ sí omi lásán.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti vinaigre: Wọ́n kan lẹ́nu, àmọ́ wọn kò lè dé ibi tí oògùn wà. Ẹni tó bá mu vinaigre púpọ̀, ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn rẹ̀ ló ń dá lóró.

Epo pupa àti mílíìkì: Àwọn àgbà a máa fún ẹni tó jẹ májèlé ní epo pupa. Oògùn tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ ti kọjá ibi tí epo lè dé.

Èédú: Lóòótọ́ ni àwọn dókítà ń lo irú èédú kan tí wọ́n ṣe lákànṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé májèlé mì, pàápàá láàárín wákàtí kan. Ohun tó ṣì wà níkùn ló ń mú. Èédú ìdáná kọ́ ni, kò sì wúlò fún ohun tá a lò lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Fítámì B3, tí wọ́n ń pè ní niacin: Lọ́dún 2007, àwọn dókítà ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn mẹ́rin kan tó gbé e mì lápọ̀jù kí wọ́n lè yege àyẹ̀wò. Méjì nínú wọn ló ṣàìsàn débi tí ẹ̀mí wọn fi wà nínú ewu. Ó ba ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì da ìlù ọkàn rú.

Javel: Àwọn kan ń ro ó sínú ife ìtọ̀. Òórùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú wọn fó. Ẹni tó bá dán an wò láti mu ún lè jó ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Omi púpọ̀: Èyí ni gbogbo èèyàn rò pé kò léwu. Àmọ́ kíndìnrín àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò lè ju lítà kan tàbí kó dín díẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Bí omi bá ti pọ̀ ju ìyẹn lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á wú, èèyàn á máa bì, kò ní mọ ibi tó wà, gìrì lè mú un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ní Sacramento ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan kú lẹ́yìn tó kópa nínú ìdíje omi mímu tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣe. Omi lásán ni, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n mi lọ náà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀

Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ti mọ gbogbo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe là á sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú 4, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 32 sí 38 lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ìtọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n gbé sápò wá kì í sábà yege níbẹ̀.

Wọ́n tún máa ń wo ohun kan tó ń jẹ́ creatinine. Iṣan ara wa ló ń mú un jáde lójoojúmọ́, inú ìtọ̀ ló sì ń bá lọ. Bí omi bá ti pọ̀ jù, creatinine á kéré jù, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹnì kan ti po omi mọ́ ọn. Àwọn kan ń gbé fítámì mì kí ìtọ̀ wọn lè pọ́n padà. Àwọ̀ lèyí lè yí, kò lè dá creatinine padà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan da nǹkan sínú ife, bí ẹni tó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n máa kà á sí.

Kí ló dé táwọn kan fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́?

Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní ni àkókò. Ẹni tó lo tramadol lọ́jọ́ Àìkú tó sì tọ̀ sínú ife lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ti lé e jáde fúnra rẹ̀. Omi àgbọn tó mu ló máa gba ọpẹ́.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo páálí àyẹ̀wò ló ń wá gbogbo oògùn. Páálí tí wọ́n ṣe fún mọfíìnì àti codeine kì í sábà rí tramadol. Tramadol ní páálí tirẹ̀. Ẹlòmíràn á lo tramadol, wọn kò ní wá a rárá, á sì padà délé wá máa yin ìgò tó rà.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó fìdí rẹmi kì í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó yege ló máa ń pariwo ní gáréèjì, òun sì ni olùtajà máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá láàárín Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀. Ó ṣeé ṣe kó yege ká ní kò mu nǹkan kan. Ohun tó lò láti fi wá iṣẹ́ náà gan-an ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe?

Bí dókítà bá ti kọ oògùn kan fún yín, ẹ mú ìwé rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó gba ìtọ̀ yín. Omi ikọ́ tó ní codeine nínú lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé ẹ lo oògùn olóró. Bí èsì bá ṣe yín ní kàyéfì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tún un yẹ̀ wò.

Ẹni tó ti ń lo tramadol lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, kó má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan náà fúnra rẹ̀. Òógùn á bò ó, ara á máa ro ó, kò ní rí oorun sùn, inú á máa ṣu ú, ìyẹn ló sì ń lé ọ̀pọ̀ padà sídìí rẹ̀. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, kí wọ́n bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹnì kan bá mu omi púpọ̀ tó sì ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú tàbí tí gìrì mú un, ẹ má fún un lómi mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tó mu fún dókítà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìgò náà pamọ́ nítorí ìtìjú. Ìgbà tó sọ ọ́ ni dókítà tó mọ ibi tó máa gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wa zémìjàn. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí tí kò fọwọ́ kan tramadol, nọ́ọ̀sì kan ló sì ń bá a tọ́jú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá ní kó wá tọ̀ sínú ife, ó sọ fún mi pé omi tí òun bá ń mu lójoojúmọ́ náà ni òun máa mu lọ́jọ́ yẹn.