Omi tó mọ́ lóló ló ń pa ẹja wọn! Ohun tójú àwọn ọlọ́sìn ẹja tuntun ń rí l'Álímọ̀ṣọ́

Bí ẹnì kan bá jí láàárọ̀ n'Íkòtún, l'Ẹ́gbẹ̀dá tàbí n'Ígàndó, tó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, tó wá bá ọmọ ẹja tó kó síbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn tí gbogbo wọn ti dá ikùn sókè, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ti ẹnu ẹ̀ jáde ni pé ilé ni wọ́n ti ṣe òun. Bí kò bá fura sí ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá kejì, á ní lańlọ́ọ̀dù tí kò fẹ́ kóun mọ pọ́ọ̀ǹdù sílé ẹ̀ ló da nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ṣe é. Omi ọ̀hún gan-an, èyí tó mọ́ lóló bíi dígí, tí baba ọlọ́ja ń fi yangàn fáwọn àlejò, òun ló pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, iye àwọn tí wọ́n bá ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Ilé fara mọ́ ilé, kò sí ibi téèyàn fẹ́ so ewúrẹ́ mọ́, ká má tiẹ̀ sọ pé kó dáko. Ẹja àrọ̀ nìkan ni kò béèrè ilẹ̀ púpọ̀: búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lẹ́yìn ilé, tàbí tàpólì tí wọ́n fi pákó gbé dúró, ó parí. Ìdí nìyẹn tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí iléeṣẹ́ dá dúró, àti ìyá tó yá owó nínú kọ́perétífù fi ń sáré wọ̀ ọ́. Látìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ loṣù kẹfà, ọdún 2023, oúnjẹ ẹja tí wọ́n ń kó wọ̀lú látòkè òkun ti gbówó lórí gan-an. Ẹni tí ẹja ẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í rọrùn fún un láti dìde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún ẹja, èyí tó ń ṣara lóore pọ̀ nínú ẹ̀. Bí ẹja bá jẹ ẹ́ tán, ìdọ̀tí tó ń gba ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, níbi tó fi ń mí nínú omi, ni wọ́n ń pè ní amóníà. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù tó rà sísàlẹ̀ náà ń di amóníà. Májèlé ni. Nínú omi tó ti pẹ́, àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ti wà lára ògiri, lára òkúta àti lára asẹ́, tó jẹ́ pé amóníà yìí loúnjẹ tiwọn. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di náítíráìtì. Ìyẹn náà ṣì ń pa ẹja, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Àwọn kòkòrò mìíràn ló tún máa gba a lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, téèyàn sì lè fi omi pípààrọ̀ gbé jáde. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló tú àṣírí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ní nǹkan bí ọdún 1890.

Pọ́ọ̀ǹdù tuntun kò ní ẹyọ kan lára wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó wá da ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja sínú omi àná, ilé tí kò ní ṣáláńgá ló kó èrò sí.

Ẹja àrọ̀ tún máa ń tan èèyàn. Ó lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lókè omi, kì í tètè kú bí afẹ́fẹ́ bá wọ́n nínú omi, wọ́n á wá máa sọ pé ẹja líle ni, kò sóhun tó ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ kọ́ lọ̀tá ẹ̀ níhìn-ín.

Èyí tó tún burú ni ti sìmẹ́ǹtì. Ògiri tuntun máa ń tu ẹfun sínú omi, omi á wá le, ohun táwọn onímọ̀ ń fi pH wọ̀n á máa ga sókè. Bí pH bá wà ní 7, èyí tó lè pa ẹja nínú amóníà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di 9, ní irú ooru Èkó yìí, ó lé ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Amóníà tí kò lè ṣe nǹkan kan lánàá á wá di apànìyàn lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń pọn omi kún pọ́ọ̀ǹdù tuntun, wọ́n á dá a nù, wọ́n á tún pọn òmíràn, ó dìgbà bíi mélòó kan. Àwọn kan tiẹ̀ ń gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bu omi àti ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ láti inú pọ́ọ̀ǹdù aládùúgbò tí ẹja ẹ̀ dá ṣáṣá, kí àwọn kòkòrò náà lè ríbi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ojú là á o: bí ẹja aládùúgbò bá ń ṣàìsàn, àìsàn náà lèèyàn bù wálé yẹn. Ẹja díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ díẹ̀. Bí ẹja bá kọ oúnjẹ, tó ń fò sókè lemọ́lemọ́, wọ́n á dá oúnjẹ dúró, wọ́n á pààrọ̀ omi, wọ́n á sì bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí náítíráìtì ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀.

Omi wo gan-an? Tẹ ẹ̀rọ ìjọba ní kílóríìnì, ó ń pa ẹja, ó ń pa kòkòrò tó ń ran ẹja lọ́wọ́. Kó wà níta mọ́jú ó kéré tán. Omi kànga dẹ̀rọ kì í ní afẹ́fẹ́ tó bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè. Ní ti àwọn tó wà nítòsí ààtàn Solous n'Ígàndó, ó yẹ kí wọ́n yẹ omi wọn wò dáadáa kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀.

Bọ̀rọ̀kìnní tó fẹ́ gbé àpótí ẹja onígíláàsì sí pálọ̀ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òfin kan náà ló de òun náà. Ẹgbẹ̀rún lítà omi, tọ́ọ̀nù kan ni, kí ó tó gbé e sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó bi bírígílà léèrè. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí asẹ́ dákẹ́ fún wákàtí púpọ̀, àwọn kòkòrò inú asẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tún dòfo. Ẹja tó tiẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní kribensis. Inú odò gúúsù Nàìjíríà níbí ló ti wá, ọdún 1901 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Boulenger kọ nípa rẹ̀, ó sì wà nínú dígí kiri ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò tíì rí i rí.

Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja kò ní í sọ gbogbo èyí fún oníbàárà. Á ní, "Ẹ kó wọn lọ lónìí, sà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n tán." Ẹni tó bá sì kọ̀ tó ní ẹja ogún péré lòun fẹ́ kọ́kọ́ kó, ìyàwó rẹ̀ á máa wò ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pọ́ọ̀ǹdù ńlá, omi tó ti ń ṣe kòròkòrò, ẹja ogún, á wá béèrè pé, "Baba Ṣadé, ṣé ẹja wá lẹ fẹ́ máa sìn ni àbí omi?"