Nígbà Tí A Bá Jí Ẹ̀rí Ìwọlé: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Fún Ìdíwọ̀n Ìpalára

Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pa á láṣẹ pé bí ìsọfúnni nípa ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì jọ pé ewu lè ti ibẹ̀ wá, ilé-iṣẹ́ tí ìsọfúnni náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í tó àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí létí láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lójú ẹsẹ̀, ní èdè tí ó rọrùn tí ó sì yé ni, kí ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ohun tí òfin sọ nípa èdè yìí ni ó gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ wo àgbẹ̀ kòkó kan ní agbègbè Odigbo, tí ó ń wá sí Ore, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé títì Èkó sí Bìní, láti gba owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ó lè jẹ́ Oǹdó tàbí Ìkálẹ̀ ni ó ń sọ nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni yóò kà nínú lẹ́tà. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN, mọ́ síìmù, ó ṣòro kí ènìyàn ní fóònù láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí.

Kí ni lẹ́tà náà yóò sọ fún un? Ibi tí ògbufọ̀ ti kọ́kọ́ ń kọsẹ̀ ni orúkọ ohun tí olè gbé. 'Ìwé-ẹ̀rí' ni ó máa ń yá sí ẹnu. Ẹni tí ó bá kà á pé wọ́n jí ìwé-ẹ̀rí òṣìṣẹ́ bánkì kan, ìwé mẹ́wàá tàbí ti yunifásítì ni yóò rò, yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ti òun níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé gan-an ni orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ fi ń gbà pé ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn jẹ́ ara ilé. 'Ẹ̀rí ìwọlé' bá a mu jù. Ó tún gba irú ẹ̀rí mìíràn mọ́ra, bí ìtẹ̀ka, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ìṣòro kejì le ju èyí lọ. Bí a bá pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní 'ìfọ́lé', ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé ilẹ̀kùn fọ́. Ilé-iṣẹ́ yóò wo ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò rí i pé ó wà digbí, yóò sì sọ láìparọ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọ́ ilé òun. Bí a bá pè é ní 'olè jíjà', a ó máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìsọfúnni tí a dà kọ ṣì wà níbi tí ó wà, kò dín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ AnyVerify ń ta ìsọfúnni NIN ní 100 náírà. NIMC, àjọ tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, fèsì pé ohunkóhun kò ṣe àkọsílẹ̀ òun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ní àṣẹ láti béèrè lọ́wọ́ NIMC bóyá ẹni tí ó dúró níwájú wọn ni ẹni tí ó pe ara rẹ̀, olúkúlùkù sì ní ẹ̀rí ìwọlé tirẹ̀. Ibi yòówù kí ìsọfúnni kan ti jáde, ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò nílò láti fọ́ ohunkóhun. Fún àgbẹ̀ Odigbo, àríyànjiyàn ilẹ̀kùn kò já mọ́ nǹkan: ìsọfúnni rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. 'Ìbọ́sọ́wọ́-àjèjì' gùn, kò sì dùn lẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè bí àjèjì ṣe wọlé kí ó tó gbà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tí ó sọnù ni wọ́n ń kà. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù wá láti Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ 23andMe a máa yẹ itọ́ ènìyàn wò láti sọ ìran tí ó ti wá, a sì máa fi àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn tan mọ́ ara wọn han ara wọn. Ní ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn kó orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ó ti jò láti ibòmíràn, wọ́n sì ń dán wọn wò níbẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lo ọ̀rọ̀ kan náà níbi púpọ̀. Oṣù bíi márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é kí àṣírí tó tú. Àkáǹtì bí 14,000 ni ó ṣí fún wọn. Ẹni tí ó bá dá ìṣirò dúró níbẹ̀ yóò kọ ọ́ pé ìpalára náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láti inú àkáǹtì wọ̀nyí ni wọ́n ti rí ìsọfúnni nípa àwọn ìbátan, iye ènìyàn tí ó kàn sì di nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9. Ẹni tí ó gbé agbo ilé rí kò nílò àlàyé: ẹnìkan ni ó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, yàrá gbogbo ni àjèjì yọjú wò. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn oní-pásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn mílíọ̀nù wọ̀nyẹn kò sì sọ kọ́kọ́rọ́ kankan nù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àjọ tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìsọfúnni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.31 pọ́n-ùn lé e lórí, nítorí pé ètò ààbò rẹ̀ kò tó.

Àdánù, ìpalára àti ewu kì í ṣe ọ̀kan náà. Àdánù ti lọ. Ìpalára ti dé ara. Ewu ṣì ń bọ̀. Ewu ni òfin ọdún 2023 béèrè. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ 'àdánù' síbẹ̀ ti fún ilé-iṣẹ́ láyè láti dáhùn pé kọ́bọ̀ kò sọnù. Òfin náà tún ní kí a wo irú ìsọfúnni tí ó jáde, bí ó ti pọ̀ tó, àti bóyá a ti sọ ọ́ di ohun tí àjèjì kò lè kà. Fún èyí, 'àrokò' wà nílẹ̀, ó sì dára: ẹni tí ó gbé e lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kìkì pé ó yẹ kí a fi àlàyé kan kún un. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí ìwọlé tòótọ́ wọlé, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú àrokò náà fún un.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù fún ẹni tí ń díwọ̀n: èwo ni ó ṣeé pààrọ̀? Pásíwọ́ọ̀dù ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a sì ṣe, wọn a ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ ìbí kò ṣeé pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìdílé ìyá àti ìlà ìka. Lẹ́tà tí ó bá bá òfin mu yóò sọ èyí fún bàbá àgbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá báyìí: 'Orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti NIN yín ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín tí ó sì kà wọ́n fún yín, èyí kò fi hàn pé bánkì ni ó ti ń pè. Ẹ má ṣe ka nọ́ńbà tí ó bá wọ fóònù yín fún un.'