Pìránà Inú Àbàtà Pantanal

Àlejò tó bá kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sómi ní Pantanal, ọkàn rẹ̀ lè wà lọ́dọ̀ dourado, ẹja aláwọ̀ wúrà, tàbí lọ́dọ̀ pintado, ẹja onírùngbọ̀n abara tótòtó tó lè gùn ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n pìránà, ẹja eléyín mímú, ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Kó tó fura pé nǹkan kan fa okùn, ìjẹ ti tán lẹ́nu ìwọ̀.

Ilẹ̀ Brazil ni èyí tó pọ̀ jù nínú àbàtà yìí wà, ní ìpínlẹ̀ Mato Grosso àti Mato Grosso do Sul. Ìyókù wọ Bolivia àti Paraguay. Ó tó nǹkan bí 150,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá kó ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà jọ lọ́nà méjì, díẹ̀ ni yóò fi jù ú lọ. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé òjò tó rọ̀ lápá àríwá á rìn fún oṣù mélòó kan kó tó dé gúúsù. Bí omi bá kún, ẹja á tàn ká orí pápá tí màlúù ti ń jẹko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà, ẹja á sì há sínú àwọn adágún kéékèèké. Ìgbà náà ni jacaré, ọ̀nì ibẹ̀, máa ń tò létí omi, tí tuiuiú, ẹyẹ ńlá funfun ọlọ́rùn dúdú, á máa rin inú ẹrẹ̀ kiri. Lékeléke tiwa náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn màlúù. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ló fi ré òkun kọjá láti Áfíríkà ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sanwó ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni ilé ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó, èyí tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Àwọn ará Pantanal ń pè é ní aguapé, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí.

Irinṣẹ́ apẹja pìránà kò pọ̀: ọ̀pá ọparun, okùn, ìwọ̀, ẹran màlúù tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Wáyà irin kékeré ni kò gbọdọ̀ gbàgbé láti so sáàárín okùn àti ìwọ̀, nítorí eyín pìránà kò ka okùn ọ̀rá sí. Àwọn atukọ̀ á wá sọ ohun tó máa ya ẹni tó ti ń dẹ odò nílé lẹ́nu: wọ́n ní kó fi orí ọ̀pá na omi. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá pariwo létí odò, ẹja ló ń lé sá. Pìránà ní tirẹ̀, ariwo omi ló ń pè é: bóyá èso ló já bọ́, bóyá ọmọ ẹyẹ ló ré láti inú ìtẹ́. Bó bá ti gbé ìjẹ, kíá ni kí wọ́n fà á. Ẹni tó bá ní kó gbé e mì ná, ìwọ̀ òfìfo ni yóò rí. Jacaré náà mọ iṣẹ́ yìí. Ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti já ẹja gbà kó tó dọ́wọ́ ẹni.

Eyín onígun mẹ́ta pìránà wọnú ara wọn bí eyín ayùn méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń pa dà lẹ́ẹ̀kan náà, tuntun á sì ti wà nísàlẹ̀, kò sọ́jọ́ tí yóò di akáyín. Nítorí náà, ẹ̀mú ni kí wọ́n fi yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ìka ti ń tètè ṣèṣe ju inú omi lọ. Ó tún máa ń gbó lọ́wọ́ ẹni. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ láti Belgium àti Portugal fi hàn pé pìránà oníkùn pupa ní oríṣi ohùn mẹ́ta, tó ń lò nígbà tó bá ń dojú kọ ẹlòmíì, tó bá ń jà sóúnjẹ, tàbí tó bá ń lé ojúgbà rẹ̀.

Theodore Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ló gbé orúkọ burúkú ẹja yìí káàkiri. Ó gba odò Paraguay kọjá lọ́dún 1913 sí 1914, ìwé tó kọ lẹ́yìn náà sì sọ pìránà di ẹbọra. Lójú tèmi, ẹ̀rù ló ń ba pìránà fúnra rẹ̀. Jacaré ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń jẹ ẹ́, dourado ń jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ rí i pé bó bá ku méjì péré síbì kan, mímí wọn á yára ju ìgbà tí mẹ́jọ bá wà pọ̀ lọ. Ààbò ló ń kó wọn jọ, kì í ṣe ọdẹ. Àwọn ará Pantanal ń wẹ̀ lódò. Adágún tó ń gbẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ebi ti ń pa ẹja, àti ibi tí wọ́n ti ń da ìfun ẹja sómi, ni wọn kì í bọ́ sí.

Egungun pìránà pọ̀ ju ẹran rẹ̀ lọ, ọbẹ̀ olómi ni wọ́n sì máa ń fi sè: wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ egungun rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi tòmátì àti àlùbọ́sà sí i. Wọ́n ní ó ń fún ọkùnrin lágbára nínú yàrá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ pé ọkùnrin kan kọ àwo rẹ̀.