Èkó sí Guangzhou: Kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló yẹ kí oníṣòwò ṣírò

Bí oníṣòwò bá ń múra láti Èkó lọ ra ọjà ní Guangzhou, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kò tó. Wákàtí mélòó ni yóò lò lójú ọ̀nà? Ọjọ́ mélòó ni ṣọ́ọ̀bù yóò fi wà ní títì? Owó wà nínú ìyẹn náà.

Láti Èkó dé Guangzhou, tí èèyàn bá gba ọ̀nà tó ṣe tààrà jù lọ lójú òfúrufú, ó tó nǹkan bíi 11,700 kìlómítà. Bàálù ńlá ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, nítorí náà, bíi wákàtí 13 ni ìrìnàjò ọ̀hún ìbá gbà tí kò bá dúró níbì kankan. Àmọ́ bàálù méjì ni ọ̀pọ̀ èrò ń wọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀.

Ìlú tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàálù ṣe pàtàkì. Dubai fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà gan-an. Bàálù Emirates, tó pa Nàìjíríà tì lọ́dún 2022, sì padà sí Èkó ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Ẹni tó bá gba Addis Ababa kò fi ju nǹkan bíi 250 kìlómítà kún ìrìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Lọ́ńdọ̀nù yóò fi bíi 2,800 kìlómítà kún un, ìyẹn sì ju wákàtí 3 lọ lójú òfúrufú.

Ibi tí owó ti ń bọ́ jù

Ìdúró láàárín bàálù kan sí èkejì ló ń jẹ oníṣòwò níyà jù. Láti Èkó sí Addis Ababa tó bíi wákàtí 5, láti ibẹ̀ sí Guangzhou sì tó bíi 10. Aago Guangzhou fi wákàtí 7 ṣáájú tiwa. Ẹni tó gbéra ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé, tó sì dúró fún wákàtí 3 péré, yóò gúnlẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yóò sùn lálẹ́, yóò sì wà lọ́jà ní kùtùkùtù Ọjọ́rú.

Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó, àmọ́ tó ní láti dúró fún wákàtí 12, aago méjìlá òru ni yóò gúnlẹ̀. Kó tó kúrò ní pápákọ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́ lọ. Ọjọ́rú tó yẹ kó fi rajà, oorun ni yóò fi sùn, owó hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ ọjọ́ kan yóò sì gorí èyí tó ti ná. Ẹ tún rántí pé ìpadàbọ̀ sábà máa ń pẹ́ ju àlọ lọ, torí pé atẹ́gùn líle tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lókè máa ń dojú kọ bàálù.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó sanwó. Oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá ni ìpàtẹ ọjà Canton Fair, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957, máa ń wáyé. Lásìkò ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń tì.

Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń rajà, kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù l'Ékòó ni kẹ́ ẹ pè, torí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù níbẹ̀ nígbà náà.

Lákòótán, kẹ́ ẹ tó mú tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú, ẹ ṣírò èrè tí ṣọ́ọ̀bù yín ń mú wọlé lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì fi owó hòtẹ́ẹ̀lì kún un. Bí iye yẹn bá ju ẹ̀dínwó ọ̀hún lọ, tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n yẹn gan-an ló pọ́ọ́kú.