OJÚ IRIN: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ ÀTI ÌLÒ RẸ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ mi bi mí léèrè pé, “Bàbá àgbà, ẹ máa ń sọ pé ojú irin. Ṣé irin ní ojú ni?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà yẹ fún ìdáhùn.

Nínú èdè wa, ojú kì í ṣe ohun tí a fi ń ríran nìkan. A ń sọ pé ojú ọ̀nà, ojú omi, ojú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojú irin jẹ́ orí irin gbọọrọ méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tí ń sáré lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin.

Rélùwéè ni tirẹ̀, lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a. Ọ̀nà irin ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. “Mo wọ rélùwéè,” ọkọ̀ ni. “Ó ń ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè,” ilé-iṣẹ́ ni. “Ilé mi wà lẹ́bàá rélùwéè,” ọ̀nà rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní 1901 ni a ṣí i dé Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni àlàfo àárín irin méjèèjì. Ní 2021, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàárín ìlú méjèèjì lórí ojú irin titun tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Nígbà tí mo parí àlàyé, ọmọ náà wí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun a máa gba ojú irin lọ sí ilé-ìwé, nítorí ọ̀nà náà ni. Àyà mi já. Lóòótọ́ ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Onímọ́tò lè yà fún ènìyàn. Awakọ̀ ojú irin kò lè yà, nítorí ibi tí irin bá gbà ni ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó tilẹ̀ tẹ bíréèkì, ìwúwo ẹrù yóò gbé ọkọ̀ náà jìnnà kí ó tó dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀, ẹ kọ́ ọ ní ewu tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdáhùn tí mo fún ọmọ-ọmọ mi nìyí: irin kò ní ojú tí yóò fi rí wa, àwa tí a ní ojú ni kí a wò ọ̀tún, kí a wò òsì, kí a tó kọjá.