Ooru Àpápá: Ẹ má tìtorí ìtọ̀ sá fún omi o!

Bí ẹ bá ní ohun tó ń gbé yín lọ sí èbúté Àpápá lọ́sẹ̀ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé, níbo lẹ máa ti tọ̀? Ẹ má bínú sí mi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tí mo mọ̀ tí ooru ti gbé ṣubú lágbègbè yẹn, kì í ṣe pé wọn ò rí omi rà. Píọ̀ wọ́tà wà káàkiri, àwọn ọmọ ń gbé e sáré tẹ̀lé mọ́tò. Wọn ò kàn fẹ́ẹ́ mu ún ni. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá mu omi, àwọn máa tọ̀, kò sì síbi tí àgbàlagbà obìnrin tó ró ìró, tó wé gèlè, fẹ́ẹ́ lọ láàárín tírélà méjì.

Bí màmá kan ládùúgbò wa ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, oṣù Kẹta sì ni, nígbà tí oòrùn ń mú gidi. Ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, màmá ní dandan ni kóun fojú ara òun rí i kí ẹnikẹ́ni tó wà á jáde. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló kúrò nílé, ife tíì kan péré ló mu. Nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán, inú dánfó ni wọ́n ṣì wà, màmá sì ti ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pe ọmọkùnrin tó jókòó tì í. Àwọn èrò ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti dé. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ló bá figbe ta pé ara màmá gbóná bí iná. Omi tí wọ́n dà sí i lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ ló dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ó wà láyé, àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ká sòótọ́, kì í ṣòní, kì í ṣàná lèèyàn ti ń dúró nínú oòrùn Àpápá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Aureol, tó ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó láti ọdún 1951 títí di 1974. Èbúté Àpápá làwọn òbí ti máa ń lọ pàdé ọmọ tó bá ti ìlú òyìnbó dé, tàwọn ti aṣọ òkè, tàwọn ti agboòrùn. Lónìí, pápá ọkọ̀ òfurufú n'Ìkẹjà la ti ń pàdé ọmọ, ẹrù rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gba Àpápá. Ẹrù sì máa ń dáni dúró ju ọmọ lọ. Tin Can náà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977 wà nítòsí ibẹ̀, tírélà àti táńkà tó ń lọ sí èbúté méjèèjì ló ń bára wọn du títì. Òótọ́ ni pé ètò tí ìjọba fi ń pe tírélà wọlé lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2021, ti dín wàhálà náà kù, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣì máa ń ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé ọ̀kadà pé òun ló máa yọ yín, ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá láti oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí ooru Kánò ju ti Èkó lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ìwé. Lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ooru Èkó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 33 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, ti Kánò sì lè tó 40 bí oṣù Kẹrin bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá òkun la wà, omi ló kún inú afẹ́fẹ́ wa. Òógùn tó ń gbẹ kúrò lára ló ń mú ara tutù. Èyí tó kàn ń ṣàn wọ inú aṣọ, omi ara lásán ló ń jẹ. Ẹ wá fi kọnkéré kún un, ẹ fi irin kọ̀ntẹ́nà kún un, ẹ fi ẹ́ńjìnnì tírélà tí wọn ò pa kún un.

Ohun tí ooru lè ṣe fún àgbàlagbà kì í ṣe ìtàn. Nígbà Hájì oṣù Kẹfà ọdún 2024, ooru Mẹ́kà kọjá 50, ìjọba Saudi sì kéde pé èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún ló kú, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lọ nínú oòrùn láìrí ibi forí pamọ́ sí. Nílé wa níbí, lóṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, àjọ NiMet tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kìlọ̀ fáwọn ará ìlú nípa ooru. Èkó kì í ṣe Mẹ́kà o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ara àgbà kan náà ni, bí ọjọ́ orí bá sì ti ń lọ sókè, òùngbẹ kì í tètè gbẹ èèyàn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ara ti ń gbẹ, ẹnu ò tíì mọ̀.

Nítorí náà, aago ni kẹ́ ẹ fi mumi, kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ mu ife kan kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà nínú ooru, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ife kan láàárín bíi ìdajì wákàtí. Ní ti ìtọ̀, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa yà sí kẹ́ ẹ tó gbéra: ilé epo, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ilé oúnjẹ tẹ́ ẹ ti máa ra nǹkan díẹ̀, kí wọ́n má baà wò yín lójú òdì. Ẹni tí kò lè mú un mọ́ra, pámpásì àwọn àgbà wà ní kẹ́míìsì, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú tó wà nínú pámpásì kò tó èyí tó wà nínú kí wọ́n gbéni lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn tí dókítà ti sọ iye omi tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa mu fún, nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kí wọ́n bi dókítà náà kí wọ́n tó tẹ̀lé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ má tìtorí ìrìn-àjò dá a dúró fúnra yín o. Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ fún yín bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó lọ́jọ́ náà.

Paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọtí ni, ńṣe ló ń lé omi jáde lára. Ọsàn, bàrà òyìnbó àti àgbálùmọ̀ tó máa ń wọ́pọ̀ nígbà ooru yìí dáa jù ú lọ fíìfíì. Bí ẹnì kan bá ti làágùn gan-an, tàbí tí inú ń ṣu ú, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un: píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ fi ọwọ́ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu, pàápàá fún ọmọdé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ sọ eléyìí di ohun mímu ojoojúmọ́, omi lásán tó fún un.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Kí ni fìlà onírun àti ṣọ́ọ̀lù ń ṣe lára ọmọ oṣù mẹ́rin láago kan ọ̀sán ní Boundary? Ẹ ní kí òtútù má baà mú un. Òtútù wo? Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti tó, kẹ́ ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn yín lóòrèkóòrè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi, ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un léraléra. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò tẹ́ ẹ ti gíláàsì rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ fẹ́ẹ́ fi bá èjẹ́ǹtì sọ̀rọ̀. Ẹ tún máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣeré nídìí mọ́tò àpatì. Lóṣù Kejìlá ọdún 2021, òkú ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bá nínú ọ̀kan ní Àgbádárìgì.

Ooru ọ̀hún kì í sì í parí léèbúté. Ẹni tó ń gbé GRA Àpápá á padà sábẹ́ igi. Ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ tàbí Amùkòkò á padà sínú yàrá kan ṣoṣo tó ní fèrèsé kan, tí páànù orí rẹ̀ ti ń gba oòrùn láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni ara ò ti ní rí ìsinmi. Ẹ jókòó síta títí yàrá á fi tutù, ẹ wẹ̀, ẹ fi tówẹ̀lì tútù sọ́rùn. Ẹ ju omi sílẹ̀ yàrá bí sìmẹ́ńtì bá ni, àmọ́ kẹ́ ẹ nù ún kí àgbà má baà yọ̀ ṣubú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí fáànù lè ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé sójú oorun.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ń sọ ìsọkúsọ nínú ooru, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, bóyá ó ń làágùn o, bóyá kò làágùn o, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, kò lè ṣiṣẹ́ fún irú ooru yìí. Ẹ gbé e sí ìbòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì máa fẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn, abíyá àti itan rẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀fun òdì. Kí ẹnì kan pe 112 tàbí 767, àmọ́ ẹ má dúró de áńbúláǹsì kẹ́ ẹ tó da omi, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà lòun náà máa gbà wá. Ọsibítù ìjọba wà l'Àpápá, òmíràn sì wà l'Ajégúnlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ajérọ̀mí. Ẹ máa da omi náà lọ títí tẹ́ ẹ fi máa gbé e débẹ̀.

Àwọn tó bá lè gba orí omi, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra láti CMS lọ sí jẹ́tì Liverpool l'Àpápá. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kẹ́ ẹ sì dé ọ̀hún kí oòrùn tó le. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ lẹ́tà fún ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lágbára kó lọ dúró níwájú gétì fún yín. Mọ́tò náà á wá bá yín nílé. Bí èjẹ́ǹtì bá sì sọ pé àfi kí Màmá fúnra wọn padà wá lọ́la, ẹ sọ fún un pé aago méje àárọ̀ ni Màmá máa dé, pé bó bá ti di aago mọ́kànlá, wọ́n ń lọ sílé nìyẹn.