Ọjọ́ Orí Ẹmu: Wákàtí La Fi Ń Kà Á

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá kí mi, ó sì mú tíì Ṣáínà kan wá. Pu'er ni wọ́n ń pè é, Yunnan ló ti ń wá. Wọ́n á tẹ ewé rẹ̀ pọ̀ di pẹlẹbẹ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún nígbà míì. Ó kọ́kọ́ po ti ọdún mẹ́ta fún mi: ó korò, ó sì ń fà mí lẹ́nu. Ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rọ̀ lọ́fun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé, "Prof, ṣé àwa náà ní ohun tí a lè tọ́ wò báyìí, tuntun àti àgbà?"

Mo ní a ní i. Ẹmu ni. Àmọ́ tíì yẹn ń fi ọdún dàgbà. Tiwa, wákàtí la fi ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ jẹ́ omi ṣúgà lásán, ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí, irú èyí tó ń mú kí búrẹ́dì wú, ló ń jẹ ṣúgà náà. Wọ́n á sọ ọ́ di ọtí, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú ẹmu hó. Àwọn mìíràn á sọ ọ́ di kíkan. Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1962.

Èmi náà wá dán an wò. Mo ra ẹmu ọ̀pẹ gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ adẹ́mu kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lágogo méje àárọ̀, mo sì pín in sí ìgò mẹ́rin. Ó kìlọ̀ fún mi: "Bàbá, ẹ má dé e pinpin o, ó máa bú mọ́ yín lọ́wọ́."

Agogo méje: ó funfun bí omi wàrà, ó dùn bí ìrèké. Ó kàn ń ta ahọ́n díẹ̀ ni.

Agogo méjìlá ọ̀sán: ìfófó ti kún ọrùn ìgò. Adùn ti dín kù, kíkan ti wọlé, àwọn méjèèjì sì ń bára wọn jà lẹ́nu. Tèmi nìyẹn, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: adùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó kan, ó sì le.

Ọjọ́ kejì: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, òórùn rẹ̀ ń gún nímú. Ẹnu kan péré ni mo mu. Ó ti ń lọ sí ọ̀nà ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní ọtí kíkan.

Ibi tí èdè ti wọ̀ ọ́ nìyí. Láàárọ̀, mo ní, "Ẹmu yìí dùn." Nírọ̀lẹ́, bàbá aládùúgbò mi mu tiẹ̀, ó ní, "Háà, ó dùn!" Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wa kan náà, "dùn", ló ń ru ẹrù méjì: adùn ṣúgà, àti ohun tó tẹ́ ẹnu lọ́rùn. Ṣebí ọbẹ̀ náà ń dùn láìsí ṣúgà nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni. Àwọn kan ń bu omi la ẹmu, wọ́n sì ń da ṣúgà sí i. Bí ẹmu agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá dùn bí ìrèké, ẹ bi ẹni tó tà á léèrè. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn ló jẹ́ tuntun.

Èyí tó tún burú ni àwọn tó máa ń sọ pé, "Ẹmu àárọ̀ ò ní ọtí nínú." Wọ́n á fún ọmọdé mu. Ọlọ́kadà á gbé ife méjì mì, á sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyókù ẹmu àná wà lára akèrègbè tí wọ́n gbé kọ́ sórí ọ̀pẹ, àwọn kòkòrò yẹn sì wà nínú rẹ̀. Bí omi ọ̀pẹ ṣe ń kán sínú rẹ̀ lóru ni wọ́n ti ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹmu tí ẹ rò pé ìkókó ni ti lo òru mọ́jú lókè. Ó ti lọ́jọ́ orí kó tó sọ̀ kalẹ̀. Adùn ló kàn ń bo ọtí tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fíríìjì náà kò lè dá a dúró, ó kàn lè dẹ ìrìn rẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbé ahá sẹ́nu, ẹ má bi ara yín pé "ṣé ó dùn?" nìkan. Ẹ bèèrè pé: wákàtí mélòó ni ẹmu yìí ti lò? Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ọ̀yọ́, orúkọ wo lẹ tilẹ̀ ń pe ẹmu àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti àná nílé yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kó má bàa sọnù.